Àǹtí Ó-Bára-Mu àti Yàrá Aláwọ̀ Eérú

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í mí tí Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà bá ti dì mọ́ yín?"

Ìdérí garawa ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà bọ́, ó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì títí ó fi lọ forí sọ ẹsẹ̀ káńtà. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí jókòó sórí garawa òfìfo kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ onítìjú tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dájú pé láti ilé-ìwé ló ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mí?"

"Mo rí i ni. Èjìká yín máa ń dúró gbọn-in. Tí wọ́n bá ti fi yín sílẹ̀, ẹ ó wá mí kanlẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdérí, ó nù ún, ó tún un nù nígbà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, mú ìwé ẹ jáde, kó o ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún ẹ."

Ọmọ náà sorí kọ́. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rí ohun tó ń kọ. Kò béèrè mọ́, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti wọlé sí àárín àwọn ìbéèrè tí obìnrin náà ń bi ara rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Ìyá rẹ̀ ti bi í pé ìgbà wo ni yóò ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bi í pé kí ló ń ṣe ojo sí. Kò sí ẹni tó wo èjìká rẹ̀ rí.

Ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà.

Ó-Bára-Mu kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní igun òpópónà kan, láàárín ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pípo àwọ̀. Oníbàárà á mú èérún ògiri wá, òmíràn á mú bọ́tìnì wá, òmíràn á mú etí ife tó fọ́ wá, wọ́n á ní, "Irú èyí gan-an ni mo fẹ́." Á da ọ̀dà funfun sínú garawa, á kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọdé, á rò ó pọ̀, á fi ìka kan sí i, á fi ra káàdì kékeré. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé káàdì síwájú fáànù tó wà lórí àpótí, yóò sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Oníbàárà lè máa fẹsẹ̀ janlẹ̀. Kò kàn án. Ìgbà tó bá gbẹ ni yóò tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èérún ògiri náà, yóò di ojú kan, yóò sì sọ pé, "Ó bára mu."

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bàbá kan tí ẹ̀rọ tó ń mi garawa ti di létí, tí ó fi jẹ́ pé igbe ló fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù ni bàbá ti sọ fún un pé, "Ọ̀dà tó bá tutù, ìwọ ò tíì rí i. Tí kò bá tíì gbẹ, pa ẹnu ẹ mọ́." Àwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá gbẹ, yóò ṣú, òmíràn yóò mọ́lẹ̀, òmíràn yóò di nǹkan tí o kò bá a dá àdéhùn rí.

Èyí tó burú jù ni eérú. Àwọn ènìyàn rò pé eérú ò nílò iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan onílé kan wọlé, ó ní, "Eérú lásán ni tèmi, èyíkéyìí." Ó-Bára-Mu bi í pé irú eérú wo, ó ní, "Ṣé eérú ń nírú ni?" Ó rà á lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ariwo rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Màdáàmù, eérú ni mo béèrè, ewé lẹ pò fún mi! Gbogbo ilé mi ti di oko!"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé èyíkéyìí, sà. Ó ní ewé nínú tẹ́lẹ̀. Òmíràn ní ojú ọ̀run nínú, òmíràn ní òdòdó. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká wá èyí tó jẹ́ tiyín."

Ó fẹ́ràn eérú ju àwọ̀ yòókù lọ, nítorí pé ó gba sùúrù. Kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ara òun lòun ń sọ.

Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge ló ti ń fura pé nǹkan kan ń lọ tí wọn ò fi òun sí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa rìn lọ lójú títì, wọ́n á rí ọkùnrin kan, wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. "Yéè! Ẹ wo èjìká!" Òun náà á wo èjìká. Èjìká náà ló rí. "Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn dáa o," lá sọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé àsọdùn ni gbogbo rẹ̀, pé wọ́n kàn ń bá ara wọn ṣeré, bí àwọn ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù òkùnkùn pa pọ̀. Nígbà tó yá, ó yé e pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn kan tí kò dé etí tirẹ̀.

Ó bi ara rẹ̀ bóyá obìnrin ni ọkàn òun ń fà sí. Ó wo ibẹ̀ náà dáadáa, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ara rẹ̀ fà díẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá wọn kó garawa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kó tó yíjú sí nǹkan náà, ó ti lọ, bí òórùn ọṣẹ lára ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ rọ́rọ́ fún ọdún púpọ̀. Ká sọ tòótọ́, kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé tí àwọn ènìyàn bá béèrè, kò ní nǹkan tí yóò sọ.

Lẹ́yìn náà ni Káfíńtà dé.

Ó wá ra ọ̀dà pákó, ó sì gbàgbé láti lọ. Ó jẹ́ ọkùnrin kan tí ẹ̀rín máa ń pa kó tó sọ àwàdà rẹ̀ tán, tí wọ́n á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó parí ẹ̀. Iyẹ̀fun pákó kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wá lójoojúmọ́, kò sì ra ohunkóhun. Ó-Bára-Mu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààbọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ pamọ́ dè é. Tó bá pẹ́, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Tó bá sọ̀rọ̀, á rántí rẹ̀ lálẹ́, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni. Kò ṣiyèméjì lórí ìyẹn rí, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn náà. Ara rẹ̀ nìkan ni kò sọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Iná lọ. Ariwo òjò lórí páánù pọ̀ débi pé ọ̀gá, tí kò gbọ́ràn tẹ́lẹ̀, kúkú sùn lọ. Èérún pákó kan ti wọ Ó-Bára-Mu ní àtẹ́lẹwọ́, Káfíńtà sì ń fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń sọ fún un pé kó má wo ibẹ̀, pé kó wo òjò. Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fà sí ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn ẹ̀rù, ayọ̀. Òun náà ni! Òun náà wà lára wọn! Ká ní òjò kò pariwo ni, ì bá ti kígbe.

Káfíńtà gbójú sókè, ó rí i lójú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi bi í pé ṣé kò ní fẹ́ òun. Ó ní òun yóò fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ń gbé inú ilé tí iná kò dé rí, tí gílóòbù wá tàn lọ́jọ́ kan, ṣé kò ní gbà pé wọ́n ti fa iná wọ ilé òun ni? Kí oṣù tó parí, gílóòbù náà ti kú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Òkùnkùn.

Àárín àkókò yẹn ló ṣe àṣìṣe tí kò ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti yan àwọ̀ yàrá wọn, aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ọ̀run ní ìdájí, Káfíńtà sì mú èérún àwo kan wá pé kó pò ó fún òun. Ìyá Ó-Bára-Mu wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ń dá a lára yá.

"Ìyàwó, sọ ọ́ ká gbọ́! Ó bára mu àbí kò bára mu?"

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

"Kó gbẹ kẹ̀! Ṣé títí tí a ó fi darúgbó ni?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ń wò ó, ojú rẹ̀ kún fún ìdùnnú. Káàdì náà ṣì ń dán lọ́wọ́ Ó-Bára-Mu, ó tutù rinrin.

"Ó bára mu," ló sọ.

Ọ̀gá rẹ̀ gbórí sókè lẹ́yìn káńtà. "Ìwọ?" ni bàbá sọ.

Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ lára ògiri, eérú ni. Ó fẹ́ tún un ṣe, Káfíńtà kò gbà. "Ìwọ lo pò ó," ló sọ. "Mo ti fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Láàárín ògiri mẹ́rin yẹn ni ọkùnrin náà ti kan bẹ́ẹ̀dì wọn. Kò kàn án ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀; inú yàrá ló kó pákó sí, ibẹ̀ ló ti gé e, ibẹ̀ ló ti fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀ láìlo ìṣó kan, bẹ́ẹ̀dì fífẹ̀ tó lè gba ìdílé kan. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn ibi tí orí yóò wà. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò wọ̀n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

"Ọ̀gá káfíńtà! Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jáde ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ gbé e jáde? Ó ti wọlé nìyẹn!"

Ó-Bára-Mu bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo bẹ́ẹ̀dì. 

Bí ẹni tó gba omi gbígbóná sẹ́nu ló rí fún un ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò lè gbé e mì, kò sì lè tú u jáde níwájú àwọn èèyàn. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ara yín le koko. Ẹ lọ sinmi." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á sẹ́yìn ilé, ó ní, "Tó o bá dé ilé ọkọ, á wá. Bó ṣe ṣe gbogbo wa nìyẹn." Ó fẹ́ bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yín lóòótọ́?" ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ pé rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dè é ni pé ìfẹ́ ara náà ti wá rí. Ká ní kò wá rí ni, ì bá mọ ohun tí yóò sọ, ì bá ní, "Bí mo ṣe rí nìyí, ẹ máa bínú." Ká ní ó ń wá déédéé, kò ní sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá lọ́jọ́ òjò. Ọkùnrin náà rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá sọ pé òun kì í ṣe irú ẹni tó máa ń wá sí? Irọ́ ni yóò jẹ́. Tó bá sì sọ pé irú ẹ̀ lòun, irọ́ náà ni. Ó yí ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí ìlẹ̀kùn kankan tí yóò gbà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ilé náà dùn lọ́sàn-án. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń bú àwọn oníbàárà wọn, Káfíńtà ń sọ àwàdà rẹ̀ dé ààbọ̀, ẹ̀rín á pa á. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń wọ̀, èjìká Ó-Bára-Mu á bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀. Tí ọkọ rẹ̀ bá ti fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, kò ní mí. Ó kọ́ láti ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ ẹ́ bí iṣẹ́ alágbàṣe. Bẹ́ẹ̀dì náà kún inú yàrá débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn láàárín rẹ̀ àti ògiri.

Káfíńtà kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹlòmíràn wà ni?"

"Háà! Ẹlòmíràn wo?"

"Kí wá ni kí n gbà gbọ́?"



Ohun tó wá lọ́jọ́ òjò tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, láìròtẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ ń fọ abọ́, tí ọkùnrin náà ń kọrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orin kọ. Inú ọkọ rẹ̀ dùn bí ọmọ tó padà rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù. Inú tirẹ̀ náà dùn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ó ti lọ. Èyí ló wá burú jù, nítorí ọkùnrin náà ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ báyìí. "Ó lè wá tó o bá fẹ́!" ló sọ. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ni. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Rédíò wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ nítorí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́ kí wọ́n lè yí garawa padà, ohùn obìnrin kan sì jáde láti inú rédíò. Ètò tí àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ ilé wọn lọ àwọn olóòtú ni. Obìnrin náà ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́, bí ẹni ń sọ ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ fún àlejò. Ó ní àwọn kan wà tí ara wọn kì í fà sí ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn kan tún wà ní àárín: ó ń wá sí wọn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kó wá láìlágbára, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan pàtó ló ń mú un wá, tó bá sì wá tán, kì í dúró. Ó ní wọ́n máa ń fi eérú pe ara wọn, nítorí pé wọn kò sí ní ibi funfun, wọn kò sì sí ní ibi dúdú. Kì í ṣe àìsàn. Kò ní kí wọ́n má nífẹ̀ẹ́. "Èmi náà wà lára wọn," ló sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ́rìn-ín. "Eérú kẹ̀! Ṣé kò sí àwọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

"Kí ló ṣe eérú?" Ó-Bára-Mu jágbe mọ́ rédíò. "Ẹ̀yin, kí lẹ mọ̀ nípa eérú?"

"Ta lò ń bá jà níbẹ̀ yẹn?" ọ̀gá rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn káńtà.

"Kò sí, sà."

Ó jókòó sórí garawa tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó lé.  Gbogbo ọdún tó fi ń pa ara rẹ̀ dà láti di funfun tàbí dúdú, ó ń pò ó, ó ń tún un pò, ó ń sọ pé òun bàjẹ́. Òun tó jẹ́ pé òun ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé eérú kì í ṣe àwọ̀ tí kò parí! Àwọ̀ ni. Ó ní tirẹ̀ nínú. Ọjọ́ òjò kì í ṣe irọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e náà kì í ṣe irọ́. Èèyàn kan náà ni.

Ó rò pé nígbà tó ti mọ orúkọ rẹ̀, ẹnu òun yóò ṣí. Kò ṣí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó ti mọ̀ báyìí pé ìlẹ̀kùn wà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Tó bá sọ ọ́, ó lè pàdánù ẹni tó fẹ́ràn jù láyé. Tí kò bá sọ ọ́, yóò máa sé èémí títí.

Ó sọ ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Káfíńtà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan. Ó-Bára-Mu dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èjìká tó jẹ́ èjìká, dé orí ọjọ́ òjò, dé orí rédíò. Ó ní, "Mi ò lè sọ ìgbà tó máa wá fún ẹ. Ó lè máà wá mọ́. Kì í ṣe ìwọ. Kò tíì sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó ìwọ."

Ọkùnrin náà di ìbọ̀sẹ̀ kan tó rí mú lọ́wọ́.

"Ọjọ́ òjò yẹn ńkọ́? Irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dè mí. Mo dá a lẹ́jọ́ nígbà tó ṣì tutù."

Káfíńtà wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ó jáde. Kò padà wálé. Wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń sùn, lórí pákó.

Ariwo ta láàárín ẹbí. Ìyá rẹ̀ sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé wá, kò tiẹ̀ jókòó.

"Ta ló ń bá ọkọ ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò lè pa á mọ́ra ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa á mọ́ra tó."

"Wàá wá dá gbé ilé yìí?"

"Bó bá gbà bẹ́ẹ̀."

Ó sọ ọ́ láìmi ohùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ sí àárín bẹ́ẹ̀dì fífẹ̀ náà, ó sì rí i pé òun kò mọ ibi tí òun yóò fi ọwọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó mọ̀. Káfíńtà wọlé, ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ẹnu rẹ̀, ayùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí i. Ó ká fóòmù kúrò, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí àárín bẹ́ẹ̀dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn gé e. Ó-Bára-Mu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú. Ó rò pé ọkùnrin náà ń gé ara rẹ̀ kúrò nínú ilé ni. Iyẹ̀fun pákó ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun àlìkámà. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì náà là sí méjì, ọkùnrin náà nu ojú, ó gbé ààbọ̀ kan ní ìdúró, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó bá a mu wẹ́kú. Yàrá kejì, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ló gbé e lọ.

Ó padà wá, ó fara ti ògiri eérú, ó ń mí hẹlẹ.

"Màá fi ẹsẹ̀ sí i lọ́la," ló sọ. "Ti ẹ náà. Ẹsẹ̀ méjì méjì ló kù fún wọn."

"Ṣé o ò lọ ni?"

"Mi ò mọ̀. Inú ń bí mi sí i. Ó ń dùn mí. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ pé màá lè gbé e." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ń gbé káàdì síwájú fáànù kó o tó sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká gbé èyí náà síbẹ̀ ná."

Kò gbẹ kíákíá. Oṣù kan wà tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú iṣẹ́" àti "oúnjẹ ti délẹ̀". Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin náà kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, tó tún tú u. Ìyá Ó-Bára-Mu kò wọ yàrá kejì yẹn títí di òní; tó bá wá kí wọn, á ṣe bí ẹni pé ìlẹ̀kùn náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ àwàdà kan lórí oúnjẹ, ẹ̀rín pa á kó tó parí rẹ̀, ó sì yà á fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn báyìí, ó ga ju àǹtí rẹ̀ lọ, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó ṣì máa ń gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kọjá tí ilé-ìwé bá ti parí, ó ṣì ń jókòó sórí garawa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ibẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán kan, ó ń bá àǹtí rẹ̀ to káàdì nígbà tí Káfíńtà yà wọlé láti gba gọ́ọ̀mù. Ó gba gọ́ọ̀mù, ó jẹ ààbọ̀ búrẹ́dì tó jẹ́ tirẹ̀. Kó tó jáde, ó dúró, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mi orí pé kò burú. Ó wá dì mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí díẹ̀, ó sì lọ, iyẹ̀fun pákó rẹ̀ kù sí irun obìnrin náà.

Ọmọ náà ti wo èjìká àǹtí rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń wò ó. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí èjìká ẹni tó ń sùn. Ojú tì í, ó yára tẹ orí ba káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó-Bára-Mu fi ìka ra káàdì kan, ó gbé e síwájú fáànù.

"O bi mí ní nǹkan kan níbí lọ́jọ́ kan," ló sọ, "mo ní kó o lọ ṣe iṣẹ́ tíṣà."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Mi ò bínú. Mi ò mọ èsì ẹ̀ ni." Ó gbọn iyẹ̀fun pákó kúrò ní irun rẹ̀, ó wò ó ní àtẹ́lẹwọ́. "Tó o bá fẹ́ gbọ́ nǹkan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ohùn ẹ̀ kéré, ṣé o kì í sé èémí ni? Mò ń tẹ́tí sílẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá ẹ bá dì mọ́ mi nígbà yẹn, mo máa ń tẹ́tí bóyá nǹkan náà ń bọ̀. Ní báyìí, mi ò tẹ́tí mọ́. Tó bá fẹ́ wá, ó mọ ilé."